Owó Ilé Èkó Ti Ń Jẹ Kòkó Wa Lóko

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa lónìí kì í ṣe ti ọ̀nà tó bàjẹ́, kì í sì í ṣe ti ajílẹ̀ tí kò dé ọwọ́ àgbẹ̀. A ó padà sórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ilé tí èèyàn ń yá gbé nílùú ńlá.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn á ní, "Èwo ni tiwa níbẹ̀? Ilé bàbá wa là ń gbé, a kì í sanwó ilé fún ẹnikẹ́ni." Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ ka àwọn ilé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ yọ èyí tí kò ní ọmọ kankan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn sọ́tọ̀. Ẹ ó rí i pé ìka ọwọ́ kan á kà á tán. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọmọ yẹn lọ sí Èkó, tàbí tó rí iṣẹ́ tuntun síbẹ̀, ta ló kọ́kọ́ sáré wá bá? Ẹ̀yin ni. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dágbére nìkan, owó ilé ló wá wá. Owó kòkó tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀ páànù tó ń jò, òun ló gbé lọ. Owó tí ẹ yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ibẹ̀ ló bá lọ. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n gé tà kí ọmọ lè rí ibi forí pamọ́ sí. Nítorí náà, bí onílé kan bá jókòó sí Ìpájà tó ń ka owó, ẹ má ṣe rò pé owó Èkó ló ń kà. Inú oko yín ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi tíṣà kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó ní aya kan àti ọmọ mẹ́ta. Ó rí iṣẹ́ sí ilé-ìwé kan l'Ékòó. Òun nìkan ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé yàrá kan ní Agége, nínú ilé tí ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó jẹ́ pé balùwẹ̀ kan ṣoṣo ni èèyàn ogún ń tò fún láàárọ̀. Orí ẹní ni yóò máa sùn lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Bó bá ti jáde níbi iṣẹ́, ìrìn ilé wíwá ló kàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀sẹ̀ kan á di oṣù kan, oṣù kan á di mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ ń bi í lórí fóònù pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí ilé?" Bó bá ní òun kò tíì rí i, kí ni obìnrin náà yóò rò? Àwọn ọmọ ò mọ̀ bóyá kí wọ́n ra ìwé sáà tuntun nílé-ìwé ìlú ni, tàbí kí wọ́n máa múra Èkó. Ọkọ wà lọ́tọ̀, aya wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti tú báyìí, tí kì í ṣe pé ọkọ burú, tí kì í sì í ṣe pé aya burú. Yàrá méjì ni wọn kò rí.

Ẹ wá wo àwọn tó ń bá a wá ilé. Àwọn ẹ̀jẹ́ńtì pọ̀ bí eṣú. A kò ní purọ́ mọ́ gbogbo wọn, àwọn ọmọlúàbí wà nínú wọn tí iṣẹ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ilé tó ń fi hàn èèyàn kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ rárá. Yóò gba owó fọ́ọ̀mù, yóò gba owó pé ẹ fẹ́ wo ilé, yóò gba owó ọkọ̀. Ilé tó bá fi hàn yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bó bá di Túsìdeè yóò ní wọ́n ti gbà á, àfi kí ẹ fi nǹkan kún un. Èyí tó gbówó jù nínú wọn ni èyí tó gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́fà, tó sì pa fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kó bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò dé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹ lọ wo ìjà, ẹ lọ wo ẹkún.

Bí ẹ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ́ńtì, ìbéèrè onílé ló kù. "Ọmọ mélòó lẹ ní? Ṣé ẹ̀ ń tan jẹnẹrétọ̀? Àlejò yín pọ̀ bí?" Wọ́n á ní ọmọ mẹ́ta ti pọ̀ jù, omi kànga kò ní í tó. Obìnrin tó dá wà, bó ti wù kó lówó lọ́wọ́ tó, wọ́n á ní kó lọ mú ọkọ wá. Èyí tó tilẹ̀ dùn wá jù ni, "Ẹ̀yà wo ni yín?" Àwọn kan wà tí wọn kì í fún ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà tiwọn nílé, wọ́n sì ń fi í yangàn. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwa kò sí nínú irú ìyangàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá náà ń wá ilé ní Kánò, wọ́n ń wá a ní Àbújá, wọ́n ń wá a ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá sé ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn nílé, kí ló fẹ́ wí nígbà tí wọ́n bá sé e mọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn odi?

Ó wá ku owó. Níbí ni ká ti mú bírò àti ìwé. Ká sọ pé yàrá àti pálọ̀ tó rí jẹ́ ₦500,000 lọ́dún. A kò sọ pé iye tí gbogbo ilé jẹ́ nìyẹn, èyí tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ dáadáa. Ìṣirò là ń fi ṣe. Onílé ní owó ọdún méjì ni òun ń gbà, ìyẹn ₦1,000,000. Ẹ̀jẹ́ńtì ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni tòun, ₦100,000 ti lọ. Lọ́yà tó kọ ìwé àdéhùn náà gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦100,000 mìíràn ti lọ. Wọ́n ní kó san owó ìdúró pé kò ní ba ilé jẹ́, ₦50,000. Gbogbo rẹ̀ di ₦1,250,000 kí ọkùnrin náà tó gbé ẹní kan wọlé. Ní ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi sófin ni ₦70,000, ìjọba Èkó sì kéde ₦85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi oṣù méjìlá lu ₦85,000, ẹ ó rí ₦1,020,000. Òṣìṣẹ́ tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀, tí kò ra oògùn ibà fún ọmọ ní odindi ọdún kan, owó rẹ̀ kò tíì tó wọ yàrá àti pálọ̀. Ta ló wá fẹ́ san ìyókù? Ṣé ẹ ti rí ìdí tí kòkó yín fi bá ọ̀rọ̀ náà lọ?

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀, tí àwọn aláṣẹ kò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀, ni pé òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó jáde ní ọdún 2011, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ló fọwọ́ sí i. Òfin náà ní onílé tàbí ẹ̀jẹ́ńtì kankan kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹni tó ti wà nínú ilé tó ń san lóṣooṣù, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin náà ní dandan ni kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì. Ó ní ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún un kó tó kó jáde. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Onílé tó bá fi túláàsì lé èèyàn jáde láìgba kóòtù kọjá, ìtanràn tó lè tó ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà ló ń dúró dè é. Owó ìdúró tí wọ́n gbà pàápàá, ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ná an.

Òfin dára, àbí? Ẹ dúró ná. Ìwé òfin náà yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Kò kàn wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wa, mẹ̀kúnnù kì í wá ilé lọ síbẹ̀. Ẹjọ́ wa wà níbòmíràn. Òfin yìí kan náà ní ayálégbé tó bá san ju owó ọdún kan lọ, òun náà ti dẹ́ṣẹ̀, ìtanràn kan náà, ẹ̀wọ̀n kan náà. Ẹ tún un kà dáadáa. Wọ́n fi ọ̀bẹ sí ẹni kan lọ́rùn pé kó mú owó ọdún méjì wá bí kò bá fẹ́ sun títì, ó sanwó, òfin sì ní kí wọ́n mú un pẹ̀lú ẹni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn! Ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn? Ta ni yóò lọ bá ọlọ́pàá pé, "Ẹ gbà mí, mo ti san owó ọdún méjì"? Ìdí nìyí tí òfin náà fi wà nínú àpótí láti ọdún 2011, tí tajá tẹran sì ń gba owó ọdún méjì lójú rẹ̀. Àwọn onílé ọlọ́gbọ́n tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọdún kan ni wọ́n máa ń kọ sínú rìsíìtì. Èyí tó kù, ọwọ́ sí ọwọ́ ni.

Ẹni tó bá tilẹ̀ ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀, nótíìsì pé kó máa kó jáde ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá jáde, ọ̀dọ̀ onílé mìíràn tó ń gba ọdún méjì ni òun ń lọ. Ó bá panu mọ́.

A kò bá àwọn onílé jà o. Kí àwọn alátakò wa má lọ máa kéde pé a fẹ́ gba ilé onílé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó nílé l'Ékòó, àwọn bàbá àti ìyá tó fẹ̀yìn tì ni, tó jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n kó sórí búlọ́ọ̀kù. Ìyàwó ilé mìíràn ta góòlù rẹ̀ kó tó lè da dẹ́kìn. Sìmẹ́ńtì wọ́n, irin wọ́n, ọmọ onílẹ̀ gbowó ìpìlẹ̀, wọ́n gba ti fẹ́ǹsì, wọ́n gba ti òrùlé. Bí wọ́n bá lọ sí báńkì, èlé tí báńkì yóò pè fún wọn, ẹni tí kò bá ní àyà líle á dákú níbẹ̀. Nítorí náà, ayálégbé ló sọ di báńkì. Owó ọdún méjì tó gbà lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀ ló fi ń parí ilé òkè. A mọ èyí, a kò sì fi gégùn-ún. Àwọn tí à ń bá wí ni àwọn tó jókòó sí ilé ìjọba tí wọ́n mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, tí wọn kò wá owó tí èlé rẹ̀ kéré fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tí wọn kò sì kọ́ ilé tí mẹ̀kúnnù lè yá.

Wọ́n á ní kò ṣeé ṣe. Irọ́ ni. Ó ti ṣeé ṣe rí lójú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní ayé Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé sílẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ́sìtéètì Bódìjà n'Íbàdàn. Nígbà tí Alhaji Látéẹ̀f Jákáńdè di gómìnà Èkó ní ọdún 1979, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ló lò kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Láàárín àkókò yẹn, ilé tó kọ́ fún mẹ̀kúnnù lé ní 20,000. Ẹ lọ sí Ìṣọlọ̀, ẹ lọ sí Amúwo, ẹ lọ sí Abẹ́sàn, ẹ lọ sí Ìbà, èèyàn ṣì ń gbé inú wọn títí di òní, Ẹ́sìtéètì Jákáńdè ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ́ lẹ́nu kọ̀ǹdọ́. Àwọn olówó fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ó kéré, pé ó dà bí ilé ẹyẹlé. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń béèrè lórí ilé ẹyẹlé yẹn báyìí.

Wọ́n á tún ní kò sí ilẹ̀. Láti ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ilẹ̀ fún àwọn olówó, kì í wọ́n wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n wó Màrókò kanlẹ̀, wọ́n sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ lọ béèrè irú ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí, kí ẹ sì béèrè bóyá tíṣà wa láti Ìsẹ́yìn lè yá ilé ìwẹ̀ kan níbẹ̀.

Ìjọba tó wà lórí oyè l'Ékòó ti ń sọ láti nǹkan bí ọdún 2021 pé àwọn fẹ́ kí èèyàn lè máa san owó ilé lóṣooṣù. A gbọ́. Inú wa dùn nígbà tí a gbọ́. Ẹni tó ń gba owó lóṣooṣù, lóṣooṣù náà ló yẹ kó máa sanwó ilé. A kò rí ọ̀gá kan tó ń san owó ọdún méjì fún òṣìṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yín tó wà níbẹ̀ bóyá onílé tirẹ̀ ti gbọ́.

Kí ìgbà yẹn tó dé, ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó owó yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí wọ́n má ṣe sanwó lórí ilé tí wọn kò fi ojú ara wọn rí inú rẹ̀. Kí wọ́n rí onílé fúnra rẹ̀, kì í ṣe àbúrò onílé, kì í ṣe ẹni tó ní onílé wà ní Amẹ́ríkà. Kí wọ́n lọ wo àdúgbò náà lẹ́yìn òjò ńlá, nítorí ilé tó gbẹ ní oṣù Kejì lè di odò ní oṣù Keje. Ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, Àjégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú rì sómi, àwọn ayálégbé sì fi owó àti ẹrù ṣòfò. Kí wọ́n bi àwọn tó ti ń gbé inú ilé náà ní ìbéèrè nígbà tí ẹ̀jẹ́ńtì kò sí níbẹ̀: omi ńkọ́, gbèsè iná ńkọ́, ṣé onílé kì í fi òru kan ilẹ̀kùn? Kí wọ́n gba rìsíìtì tó ní orúkọ, ọjọ́, iye owó, àti àkókò tí owó náà bò. Bí ìjà bá dé, kí wọ́n má lọ fún lọ́yà lówó tí wọn kò ní. Ìjọba Èkó ní ibi ìlàjà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1999, abẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ló wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Nǹkan rere kan tí ìjọba ṣe, a ò ní torí pé ọ̀tá wa ló ń ṣe é lónìí ká fi pamọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní Ọ̀yọ́, ní Ọ̀ṣun, ní Ògùn, ní Oǹdó, ní Èkìtì, ẹ má ní ìbò Èkó kò kàn wá. Ìbàdàn ńkọ́? Abẹ́òkúta ńkọ́? Àkúrẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ọmọ yín lọ́rùn l'Ékòó, àwọn onílé ibẹ̀ náà ti kọ́ ọ. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ kò ṣòro láti lóye: kí ìwé òfin yọ ayálégbé kúrò nínú àwọn tó dẹ́ṣẹ̀, kí ẹni tó gbowó máa dá ẹjọ́ ara rẹ̀ rò, kí ìjọba kọ́ ilé tí wọn yóò máa yá èèyàn lóṣooṣù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ara wọn, kí ìwé ẹ̀rí ẹ̀jẹ́ńtì wà ní gbangba ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí iyèméjì má sí nípa ẹni tí èèyàn ń bá dòwò pọ̀.

Àwọn olùdíje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ń bọ̀ wá kí yín báyìí, pẹ̀lú ìrẹsì àti ankárá. Ẹ gba ìrẹsì, owó yín ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú wọn jókòó lórí àga, kí ẹ bi wọ́n: nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, oṣù mélòó ni òfin ní kí onílé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé? Ẹ̀wọ̀n mélòó ni ìjọba ti rán onílé tó rú u? Ilé mélòó ni ẹ kọ́ tí tíṣà lè yá? Ẹ ní kí akọ̀wé ìpàdé kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí alága wọ́ọ̀dù wa tó sún mọ́ yín jù. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn yìí gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe wí i, bó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tiwa ló wí i, bó sì jẹ́ tiwọn.